Ìwé ní iye n jẹ́ 1.48, èmi rí 1.52, àṣìṣe wa sì dọ́gba: níbo ni mo ti ṣì í?

Adéọlá_Sólà kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wò ó.

Iṣẹ́ oyè másítà mi dá lórí bí a ṣe ń wá iye márùn-ún tó ń darí sẹ́ẹ̀lì sólà láti ara ìlà I-V rẹ̀, ìyẹn ìlà tó ń fi kọ́rẹ́ǹtì (I) hàn ní fóltéèjì (V) kọ̀ọ̀kan. Àwòṣe oní-dáyóòdì kan ni mò ń lò (dáyóòdì ni ọ̀nà tí iná ń gbà lọ sí apá kan ṣoṣo):

I = Iph − I0·[exp((V + I·Rs)/(n·Vt)) − 1] − (V + I·Rs)/Rsh

Iph ni kọ́rẹ́ǹtì tí ìmọ́lẹ̀ ń bí. I0 ni ìjò kékeré ti dáyóòdì fúnra rẹ̀, n sì ni òǹkà tó ń sọ bí dáyóòdì náà ṣe yàtọ̀ sí èyí tó pé. Rs ni ìdènà tó wà lójú ọ̀nà tí iná ń gbà jáde. Rsh ni ìdènà ọ̀nà ẹ̀bùrú, ibi tí iná ń yọ́ gbà kọjá láìdé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ lò ó. Vt ni kT/q: T ni ìgbóná sẹ́ẹ̀lì ní ìwọ̀n kelvin, k àti q sì jẹ́ iye tí kì í yí padà.

Ìwọ̀n tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni ti sẹ́ẹ̀lì R.T.C. ilẹ̀ Faransé, èyí tí àwọn olùwádìí ti fi ń dán ìṣírò wọn wò láti 1986: sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì roboto kan, 57 mm láti etí dé etí, ìmọ́lẹ̀ 1000 W/m², ìwọ̀n 26 lórí ìlà rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí:

Iph = 0.7608 A
I0 = 0.323 µA
Rs = 0.0364 Ω
Rsh = 53.72 Ω
n = 1.5209
RMSE (àṣìṣe) = 0.00098602

Nígbà tí mo wo inú ìwé, Iph, I0, Rs àti Rsh tiwọn bá tèmi mu rẹ́gí. Àṣìṣe pàápàá dọ́gba dé nọ́ńbà ìkẹyìn. n nìkan ló yà: tiwọn jẹ́ 1.4812. Alábòójútó mi wò ó, ó ní ó jọ pé mo da èsì ẹlòmíràn kọ, mo wá ṣi ọ̀kan kọ níbẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Èmi ni mo kọ kóòdù yẹn láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Báwo ni ìṣírò méjì ṣe lè ní àṣìṣe kan náà kí iye n wọn má dọ́gba?


Ọmọ_Kóòdù kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́, Adéọlá. Lójú tèmi, kòtò kékeré kan ni ìṣírò yín bọ́ sí, kò tíì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Irú iṣẹ́ yìí kún fún kòtò. Ọgbọ́n ìṣírò wo lẹ lò? Bó bá jẹ́ èyí tó ń ṣe bí ọ̀wọ́ ẹyẹ ni, ó ti pẹ́ jù. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tuntun, ẹ fi kún iye ẹ̀dá inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yí po nígbà 10,000.


Adéọlá_Sólà kọ:

Ẹ ṣeun. Differential evolution ni mo lò, ọgbọ́n ìṣírò kan tó ń da ọ̀pọ̀ ìdáhùn pọ̀ títí yóò fi rí èyí tó dára jù. Mo ti sá a nígbà 30, mo ń yí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ padà nígbà kọ̀ọ̀kan, ojú kan náà ló ń já sí. Mo tún wá fi ọgbọ́n Newton ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ tó súnmọ́ èsì, kò kúrò lójú kan. Bó bá jẹ́ kòtò ni, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí.


Ọ̀gá_Wáyà_Àpáta kọ:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, orí òrùlé ni mo wà láti àárọ̀ dalẹ́. Mo fẹ́ bi yín: nǹkan márùn-ún yìí, ṣé ó wúlò fún irú èmi? Mo ní pánẹ́ẹ̀lì kan tó ń yọ mí lẹ́nu, mítà ní kò ní nǹkan tó ṣe é, bátìrì oníbàárà sì ń sọ pé irọ́ ni mítà ń pa. Ẹ kọ́kọ́ yanjú ti àbúrò wa yìí ná, màá dúró.


Ìyá_Ìbejì_Físíìsì kọ:

Adéọlá, ọmọ mi, fi ìlà tí o ti kọ ìwọ̀n ìgbóná sínú kóòdù rẹ hàn mí. Ìlà yẹn nìkan.


Adéọlá_Sólà kọ:

Ẹ kú àárọ̀ mà. Òun nìyí:

T = 298.15

Mo fi 25 °C sí i nítorí pé òun ni wọ́n ń kọ sẹ́yìn gbogbo pánẹ́ẹ̀lì.


Ìyá_Ìbejì_Físíìsì kọ:

Ibẹ̀ gan-an ni. 25 °C ni ti ìdánwò tí àwọn tó ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì fẹnu kò sí. Sẹ́ẹ̀lì R.T.C. tí wọ́n wọ̀n yìí, 33 °C ló wà nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n.

Padà sí ìṣírò rẹ kí o wá n. Kò sí ibi tó ti dá dúró. Ibi gbogbo tó bá wà, Vt wà lọ́rùn rẹ̀. Vt sì rèé, T ló ń gbé e ga tàbí tó ń fà á wálẹ̀. Nítorí náà ìwọ̀n 26 yẹn kò mọ n, wọn kò sì mọ T. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni àpapọ̀ méjèèjì lẹ́yìn tí wọ́n ti di ìlọ́po ara wọn. Ní 33 °C, Vt jẹ́ 0.026382 fólìtì. Ní 25 °C, ó jẹ́ 0.025693. Mú fóònù rẹ, kí o ṣe é:

1.4812 × 0.026382 = 0.03908
1.5209 × 0.025693 = 0.03908

Ìlà kan náà ni ìwọ àti ìwé jọ fà. Bí ìlà bá jẹ́ ọ̀kan náà, àṣìṣe á jẹ́ ọ̀kan náà, kò sí bó ṣe lè yàtọ̀.

Ẹlẹ́rìí mìíràn ni I0 rẹ. Kò yẹsẹ̀. Jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe é, kí o lè rí i pé kì í ṣe kóòdù ló ń ṣe idán. Nínú ìwọ̀n 26 yẹn, wo ibi tí fóltéèjì ti jẹ́ 0.5633 tí kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ 0.1035, àti èyí tó tẹ̀ lé e, 0.5736 pẹ̀lú −0.0100. Ó ti hàn pé ibi tí kọ́rẹ́ǹtì ti di òdo wà láàárín wọn, nǹkan bíi 0.5727 fólìtì. Voc nìyẹn. Níbẹ̀, iná kankan kò jáde síta. Gbogbo ohun tí ìmọ́lẹ̀ bí ló ń rọ́ gba inú dáyóòdì padà, àfi ìwọ̀nba tó gba ẹ̀bùrú lọ: 0.5727 ÷ 53.72, tó jẹ́ 0.0107 áńpì. Yọ ọ́ kúrò nínú 0.7608, ó ku 0.7501. Wá pín 0.5727 sí 0.03908, ó jẹ́ 14.65. Fi exp sí i, ó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún. Pín 0.7501 sí i, o máa rí nǹkan bíi 0.32 µA. Ohun tí o rí gan-an nìyẹn.

Ní ti alábòójútó rẹ, lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o gbé kóòdù náà síwájú rẹ̀, kí o yí T padà sí 306.15 (ìyẹn 33 °C) lójú rẹ̀. n á wálẹ̀ sí 1.4812 lójú ẹsẹ̀, àwọn mẹ́rin yòókù kò ní mira. Ẹni tó bá da ìwé kọ, 1.4812 ni ì bá dà kọ. 1.5209 tìrẹ yẹn ló fi hàn pé ìwọ lo ṣe iṣẹ́ rẹ.


Adéọlá_Sólà kọ:

Mà, mo ti yí i padà. 1.4812. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ìbejì.


Ọmọ_Kóòdù kọ:

Mo gbà pé mo ṣì í, kò sí kòtò kankan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní èyí tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé ọgbọ́n ìṣírò tuntun jáde lórí sẹ́ẹ̀lì kan náà yìí. Ti ìkookò wà, ti àbùùbùtán wà, ti oyin wà. Àwọn tó ṣe dáadáa jù nínú wọn ló ń já sí 0.00098602. Ṣé a lè rí èyí tó máa gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá?


Ìyá_Ìbejì_Físíìsì kọ:

Pẹ̀lú àwòṣe kan náà, ìwọ̀n 26 kan náà, àti ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń gbà ka àṣìṣe, rárá. Ilẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn dé ilẹ̀ àti ẹni tó gun ẹṣin débẹ̀, orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n dúró sí.

Inú mi kì í dùn bí mo bá rí ọmọ tó fi oṣù mẹ́fà jà nítorí nọ́ńbà kẹjọ lẹ́yìn àmì ìdá. Ẹ wo ìwọ̀n náà fúnra yín: 0.7640, 0.7620, 0.7605, 0.7605, 0.7600. Òdo tàbí márùn-ún ni gbogbo wọn fi parí. Ìyẹn ni pé mítà tí wọ́n lò kò ríran kọjá ìdajì mílíáńpì. Ìdajì mílíáńpì jẹ́ 0.0005, àṣìṣe tí ẹ ń bá jà sì jẹ́ 0.00098. Ohun tí ẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà wá níbẹ̀, kò sí nínú ìwọ̀n.


Ará_Àjàṣẹ́ kọ:

Ẹ kú ìjíròrò. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, ní Bẹ̀nẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ni mo kọ́. Ohun kan wà tí Ìyá Ìbejì fi ẹnu bà ré kọjá, ó sì yẹ ká dúró níbẹ̀: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka àṣìṣe.

Ẹ wo ìṣírò yẹn. I wà lápá òsì, I tún wà lápá ọ̀tún nínú exp. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú kọ́rẹ́ǹtì tí mítà kà, wọ́n á tì í sínú apá ọ̀tún, wọ́n á wá wo bí ohun tó jáde ṣe jìnnà sí i tó. Ó yá, ó rọrùn, ibẹ̀ ni 0.00098602 ti wá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni kọ́rẹ́ǹtì tí àwòṣe yóò fún wa bí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Kọ́rẹ́ǹtì tòótọ́ ti àwòṣe ni èyí tó bá mú apá méjèèjì dọ́gba. Ọgbọ́n ìṣírò Newton tàbí ti Lambert W ni wọ́n fi ń wá a. Bí ẹ bá wá a bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 26, kí ẹ tó ka àṣìṣe, ó máa wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.00077, iye márùn-ún á sì sún díẹ̀: Rsh á kúrò ní 53.7, á bọ́ sí nǹkan bíi 52.9.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun rí 0.00077, tó wá ń bú ẹni tó rí 0.00098 pé kò mọ iṣẹ́, ẹ bi í léèrè irú òṣùwọ̀n tó fi wọ̀n ọ́n. Kóńgò méjì ni. Ẹ kì í fi kóńgò ńlá ra gàrí kí ẹ fi kékeré tà á fún èèyàn.


Adéọlá_Sólà kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Màá ṣe méjèèjì, màá sì kọ ọ́ sókè tábìlì kọ̀ọ̀kan èyí tó jẹ́.

Ìyá Ìbejì, mo ní ìbéèrè mìíràn. Bí ẹ ṣe fi ọwọ́ wá I0 yẹn wù mí gan-an. Ṣé a lè fi ọwọ́ wá Rs àti Rsh bẹ́ẹ̀? Mo gbìyànjú Rs láti ara ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà nítòsí Voc, mo rí 0.0907. Ó ju ìlọ́po méjì 0.0364 lọ.


Ìyá_Ìbejì_Físíìsì kọ:

O gbìyànjú dáadáa, ìdajì ọ̀nà lo ti dúró ni. Jẹ́ kí n ṣe é lójú gbogbo ayé, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń fò ó.

Láàárín àwọn ìwọ̀n méjì tí mo lò lẹ́ẹ̀kan, fóltéèjì sún 0.0103, kọ́rẹ́ǹtì sún 0.1135. Pín wọn, 0.0907 Ω. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nítòsí Voc, dáyóòdì fúnra rẹ̀ ń ṣe bí ìdènà. Ìdènà tirẹ̀ ni nVt tí a pín sí kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú rẹ̀: 0.03908 ÷ 0.7501, tó jẹ́ 0.0521 Ω. Yọ ọ́ kúrò nínú 0.0907, ó ku 0.0386. Kóòdù rẹ ní 0.0364. Láti inú ìwọ̀n méjì péré, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ìyẹn súnmọ́ dáadáa.

Rsh ni kí o ṣọ́ra fún. Lápá òsì ìlà, níbi tó tẹ́jú, ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn ni 1/Rsh. Láti −0.2057 fólìtì dé 0.0057, fóltéèjì sún 0.2114. Kọ́rẹ́ǹtì kúrò ní 0.7640, ó wá sí 0.7605: ó sún 0.0035. Ìyẹn fún wa ní 60 Ω. Ó dára. Wá rántí pé mítà yẹn kò ríran kọjá 0.0005. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 0.0040, Rsh di 53 Ω. Bó bá jẹ́ 0.0030, ó di 70 Ω. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo lójú mítà, sókè tàbí sísàlẹ̀, Rsh lè wà níbikíbi láti 53 dé 70! Rs kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kọ́rẹ́ǹtì ń já fàà nítòsí Voc, ìdajì mílíáńpì kò lè da nǹkan rú níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí o bá ń kọ̀wé rẹ, má kọ Rsh = 53.7185 bí ẹni tó fi ojú rí i. Kọ iye náà, kí o sì kọ bó ṣe lè yí tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti jókòó níbi ìdáàbòbò iṣẹ́ oyè tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ka nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn àmì ìdá fún wa, tí kò lè sọ irú mítà tó lò. Ó dùn mí fún un, nítorí ó ṣiṣẹ́ kára.


Ará_Àjàṣẹ́ kọ:

Mo fara mọ́ ọn, àfi ibì kan. Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní kí a pa Rsh tì, kí a fi í sí àìlópin kó tán. Ní oòrùn ọ̀sán gangan, ìyẹn kò burú. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ní ìrọ̀lẹ́, tàbí lásìkò ọyẹ́ tí eruku bo ojú ọ̀run, kọ́rẹ́ǹtì tí ìmọ́lẹ̀ ń bí kéré, ohun tó ń gba ẹ̀bùrú lọ kò sì kéré mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni Rsh tí kò dára ń jẹ èrè pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ẹ máa rí i dáadáa.


Ìyá_Ìbejì_Físíìsì kọ:

Ẹ ti sọ òótọ́, mi ò ní kí a pa á tì. Ẹ ṣeun.

Ọ̀gá Wáyà, ẹ ti dúró tó. Ẹ sọ ti pánẹ́ẹ̀lì yín.


Ọ̀gá_Wáyà_Àpáta kọ:

Ẹ ṣé mà. Pánẹ́ẹ̀lì méjì ni wọ́n jọ rà, 100 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì 36 nínú. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní A àti B. Lọ́sàn-án àná, nígbà tí oòrùn mú, mo wọ̀n wọ́n láìso nǹkan mọ́ wọn: A 19.8, B 19.8. Mo só wáyà méjèèjì pọ̀ gba inú mítà: A 5.1 áńpì, B 5.1. Ìbejì ni wọ́n. Bí mo bá wá so wọ́n mọ́ iṣẹ́, B á kàn rẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa.

Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Rs, mo mú gílóòbù ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta, ti 24 fólìtì, mo so wọ́n pọ̀ ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, mo fi wọ́n sára A: 18.5 fólìtì, 2.3 áńpì. Mo yọ wọ́n, mo fi wọ́n sára B: 16.6 fólìtì, 2.1 áńpì. Oòrùn kò yí padà, kò sí ìkùukùu. Kí lẹ rí?


Ìyá_Ìbejì_Físíìsì kọ:

Ọ̀gá Wáyà, iṣẹ́ tí ẹ ṣe yìí dára ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú yàrá ìwádìí lọ. Ẹ fi A ṣe ẹlẹ́rìí fún B, lábẹ́ oòrùn kan náà.

Ìdí tí mítà fi ń sọ pé B kò ní nǹkan tó ṣe é nìyí. Nígbà tí ẹ wọ̀n Voc, kọ́rẹ́ǹtì kankan kò kọjá, Rs kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ wọ̀n Isc, ìyẹn 5.1 áńpì tí ẹ rí nígbà tí ẹ só wáyà méjèèjì pọ̀, dáyóòdì ṣì wà lójú oorun, pánẹ́ẹ̀lì ní fóltéèjì púpọ̀ nínú tó lè fi san owó ibodè fún Rs, kí kọ́rẹ́ǹtì má sì dín. Àárín ni Rs ti ń hàn, níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́.

18.5 yọ 16.6, ó ku 1.9 fólìtì. Pín in sí 2.1 áńpì, 0.9 Ω. Kọ́rẹ́ǹtì A ga díẹ̀ ju ti B, fóltéèjì rẹ̀ ti tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ nítorí rẹ̀, nítorí náà òótọ́ rẹ̀ á ju 0.9 lọ díẹ̀. Ẹ pè é ní 1 Ω. B ní nǹkan bíi 1 Ω tí A kò ní. Bí pánẹ́ẹ̀lì yẹn bá fẹ́ gbé 4.8 áńpì jáde lọ́sàn-án, 4.8 × 4.8 × 1 jẹ́ 23 wáàtì tó ń di ooru lásán. Nínú 100!

Ooru yẹn gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Bí ìdènà náà bá kóra jọ sójú kan, ẹ máa fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí gílóòbù bá ti wà lára B fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àpótí dúdú ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ kan ti A náà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó nípọn bo ojú pánẹ́ẹ̀lì, ẹ má yọ wáyà nígbà tí iná bá ń kọjá nínú rẹ̀.


Ọmọ_Kóòdù kọ:

Mo ti ń kọ kóòdù fún ọdún mẹ́rin lórí Rs, n kò mọ̀ pé gílóòbù mẹ́ta lè wá a rí.


Adéọlá_Sólà kọ:

Ọ̀gá Wáyà, bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ṣé ẹ kò lè fi í wá iye márùn-ún tààrà? Mo rí iṣẹ́ àwọn kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.


Ọ̀gá_Wáyà_Àpáta kọ:

Àbúrò mi, ìwé ẹ̀yìn B ti ṣá. Ti A ṣì ṣeé kà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ kì í bá mítà mi mu. Ó ní Voc á ga ju 19.8 tí mo rí lọ. Mo ti rò ó tipẹ́ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa.


Ìyá_Ìbejì_Físíìsì kọ:

Ẹ má tíì dá ẹni tó tà á lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí n lo pánẹ́ẹ̀lì kan tí ìwé rẹ̀ wà níbi gbogbo, KC200GT ti Kyocera, tó ní sẹ́ẹ̀lì 54. Ìwé rẹ̀ ní Voc 32.9 fólìtì, Isc 8.21 áńpì, agbára rẹ̀ tó ga jù sì wà ní 26.3 fólìtì pẹ̀lú 7.61 áńpì. Ní 25 °C ni gbogbo ìyẹn. Ìwé kan náà ní Voc ń fi 0.123 fólìtì sílẹ̀ fún dígíríì kọ̀ọ̀kan tí ìgbóná fi ń gòkè. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lórí páànù n'Ìbàdàn lọ́sàn-án lè gbóná dé 60 °C. Dígíríì 35 nìyẹn lókè 25. 35 × 0.123 jẹ́ 4.3. Voc ti di 28.6, pánẹ́ẹ̀lì náà sì dá ṣáṣá. Ohun tó ń ṣe A yín nìyẹn, ó dá mi lójú tó láti sọ pé kí ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtù kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni.

Adéọlá, ní ti ìbéèrè rẹ: ìwé fún wa ní ibi mẹ́ta lórí ìlà. Iye márùn-ún la ń wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe é, ó ti yan nǹkan kan fúnra rẹ̀. Fún KC200GT yìí, iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé yan n ní 1.3, ó wá ń gbé Rs ga díẹ̀díẹ̀ títí ṣónṣó agbára inú ìṣírò fi bá ti ìwé mu. Ó já sí Rs 0.221 Ω àti Rsh 415.4 Ω. Bí o bá yan n tó kéré sí i, Rs á ga sí i, ṣónṣó yẹn á ṣì bára mu. Iṣẹ́ náà dára fún ẹni tó fẹ́ ya àwòrán ètò sólà. Kò sọ fún ọ bóyá ojú ìso kan ti jóná nínú pánẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú rẹ.


Ará_Àjàṣẹ́ kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà kan kún un fún ẹni tí kò ní A tó máa fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ fa ìlà I-V pánẹ́ẹ̀lì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nínú oòrùn kíkún àti nínú oòrùn tó dín, kí ìgbóná rẹ̀ má yí padà. Aṣọ àwọ̀n tó tẹ́jú dọ́gba lójú pánẹ́ẹ̀lì á dín in kù. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ̀kalẹ̀ láti Isc rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ká sọ pé 1 áńpì, kí ẹ ka fóltéèjì ibẹ̀. Nítorí pé ohun tó gba inú dáyóòdì dọ́gba ní ibi méjèèjì, ìyàtọ̀ fóltéèjì wọn wá láti ọwọ́ Rs nìkan. Ẹ pín ìyàtọ̀ yẹn sí ìyàtọ̀ Isc méjèèjì. Ọ̀nà yìí kò béèrè n, kò béèrè I0. Irú rẹ̀ wà nínú IEC 60891, òfin ìwọ̀n àgbáyé fún ẹ̀rọ sólà.


Ọ̀gá_Wáyà_Àpáta kọ:

Mo ti padà dé láti orí òrùlé. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Àpótí A lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ti B, n kò lè gbé ọwọ́ mi dúró níbẹ̀. Mo fi aṣọ bò ó, mo ṣí i. Ojú ìso tó wà lápá pọ́sítífù ti dúdú bí èédú, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o ti là yíká, omi òjò ti wọlé láti ibi rọ́bà tó ti gbó. Mo fi bébà ìfági ha á, mo tún un jó, mo fi rọ́bà tuntun dí i.

Gílóòbù mẹ́ta kan náà: B ti ń mú 18.4 fólìtì wá, 2.3 áńpì.

Mo ti fẹ́ ní kí oníbàárà ra òmíràn tẹ́lẹ̀ o. Opó tó ń ta ẹ̀kọ ni ìyá náà.


Adéọlá_Sólà kọ:

Ọ̀gá Wáyà, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gbà mí láyè kí n fi A àti B yìí ṣe orí kan nínú iṣẹ́ mi? Màá wá sí Àpáta fúnra mi pẹ̀lú mítà tó ríran dáadáa àti òṣùwọ̀n ìgbóná tí màá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, kí n má bàa tún kọ 298.15.

Mo ti bá alábòójútó mi sọ̀rọ̀. Ó yí T padà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo n bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ tí àwọn yòókù dúró gbọnin. Ó ní kí n má bínú. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi bó ṣe ṣẹlẹ̀.


Ọ̀gá_Wáyà_Àpáta kọ:

Máa bọ̀ ní Sátidé, kí oòrùn tó mú, ká lè wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù àti nígbà tó gbóná. Gílóòbù wà nílẹ̀.